Àwọn Ọmọ Tó Fúyẹ́ ní Òpópónà Wa

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Ṣé ara ò ni ọ́? Ṣé oòrùn ibùdó yẹn kò tíì sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò tí o fi ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ? Ojoojúmọ́ ni rédíò ń sọ̀rọ̀ ìyàn tó wà lọ́dọ̀ yín, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ títí lẹ́tà rẹ yóò fi dé. Bí o bá bèèrè wa, Màmá wà, èmi náà wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún.

O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń wọn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ọsibítù wa. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti ń fúyẹ́ sí i. Mo rò pé òṣùwọ̀n ló bàjẹ́, mo bá gbé e lọ bá bàbá tó ń tún un ṣe. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, òṣùwọ̀n rẹ kò purọ́ o. Àwọn tí ò ń gbé lé e ni kí o lọ wò.”

Mo sọ fún dókítà àgbà. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, “Ebi kẹ̀? Níbí? Rédíò tí ò ń gbọ́ ti pọ̀ jù. Ibi tí ebi wà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.” Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ní kí a gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó bá wọlé máa fi oúnjẹ sí i fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín. Mi ò bá apẹ̀rẹ̀ náà jà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ irú rẹ ni yóò bọ́ sí.

Ṣé o rántí ìyàwó kápẹ́ńtà, aládùúgbò wa tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń jí wa láàárọ̀? Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti kógbá wọlé ni a kò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó pọn ọmọ rẹ̀ wá, ó yọ agolo ẹ̀wà kan lábẹ́ aṣọ, ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Mo gba ọmọ náà. Ó fúyẹ́ bí aṣọ tó ti gbẹ lórí okùn. Mo fa ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, “Kí lẹ jẹ nílé lánàá?” Ó wolẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀wà yẹn nìkan ló kù. Gbogbo èèyàn ló ń mú nǹkan wá. Ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé èmi nìkan ni mi ò ní ni?”

Mo ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀. Mo bu ẹ̀wà rẹ̀ padà, mo bu ti ẹlòmíràn kún un, mo dì í sínú gèlè rẹ̀. Akọ̀wé wa rí mi.

Lọ́jọ́ tí wọn yóò kó oúnjẹ náà lọ, àwọn oníròyìn dé, dókítà àgbà sì ń sọ fún wọn pé a ní ànító, a ní àníṣẹ́kù. N kò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mọ́kànlélógún ni ebi ń pa ní òpópónà mẹ́ta tó yí wa ká. Ìwé wọn rèé.” Ẹni tó ń ya fọ́tò bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Ṣé ìyẹn wà lára ohun tí wọ́n rán wa?” Wọ́n ká wáyà wọn, wọ́n lọ.

Àbúrò mi, wọ́n ti fún mi ní ìwé ẹ̀sùn. Wọ́n ní mo jalè nínú apẹ̀rẹ̀, mo sì ba orúkọ ọsibítù jẹ́. Láàárọ̀ ọ̀la ni n ó lọ wí tẹnu mi. Màmá kò mọ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kí ni n ó gbé síwájú rẹ̀?

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ìyàwó kápẹ́ńtà tún wá; ó jọ pé ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ lójú àwọn oníròyìn. Ó tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbóhùn sókè pé, “Ẹ wọ̀n ọ́n, nọ́ọ̀sì. Ebi ló ń pa wá.” Àwọn obìnrin tò sẹ́yìn rẹ̀ dé títì, àwọn tí ìtìjú ti lé sá fún wa látọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó tíṣà wà níbẹ̀. Obìnrin àdúgbò wa tó máa ń wọ bàtà gogoro wà níbẹ̀. Akọ̀wé tó fẹjọ́ mi sùn gbé àga síta, kò wojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ wọn. Inú mi ìbá dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí. Àádọ́rin ọmọ ó lé ni mo wọ̀n, n kò sì ní ohun tí n ó fi sí wọn lẹ́nu.

Bá mi gbàdúrà. Kí Ẹlẹ́dàá ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ. Kí ìkòkò rẹ má gbẹ, kí ojú wa tún rí ara wọn láìpẹ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: jọ̀ọ́, tètè kọ ọ́ fún mi, báwo lẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ fún ọmọ tí ebi ti pa pẹ́? Ṣíbí mélòó lákọ̀ọ́kọ́? Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí a tó tún fún un? Wọn kò kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kò ní í wúlò fún wa níbí.