Yàrá Tí Wọ́n Ní Ìwọ Nìkan Lo Gbé

Yàrá ìsinmi àwa afinimọ̀nà,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Àbúrò mi, Akọ̀wé, bí orúkọ ilé yẹn ò bá tíì máa tì ọ́ lójú,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, torí mo rí àwòrán rẹ nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ sì ti kún dáadáa. Kí Ọlọ́run máa fi kún un. Ní tèmi, mo wà láàyè, àfi orúnkún mi tó máa ń dùn mí tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn.

Iṣẹ́ pọ̀ lásìkò yìí. Àwọn àlejò ń ya wọ ìlú bí omi, gbogbo wọn ló fẹ́ rí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti lé ní irinwó ọdún. Màá gbé agboòrùn pupa sókè kí wọ́n má bàa sọnù, màá máa fẹ̀yìn rìn níwájú wọn, màá sì máa sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Màá fi ilé aago hàn wọ́n, màá mú wọn dé ilé ìkàwé àtijọ́, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n de àwọn ìwé mọ́ tábìlì kí àwọn ọ̀mọ̀wé má bàa jí wọn gbé. Wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀wọ̀n, wọn ò ní wo ìwé. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù, lẹ́yìn gbogbo àlàyé mi, ni ibi tí ilé ìtọ̀ wà.

Láti oṣù tó kọjá, wọ́n ti fi ibi kan kún un: yàrá wa. Àjà kẹta, lókè ilé ìfọṣọ. Wọ́n kùn ún, wọ́n gbé tábìlì kan tí mi ò rí rí síbẹ̀, wọ́n ní orí rẹ̀ lo ti kọ ìwé tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Tábìlì wo? Ṣebí orí pákó tí mo fi ń lọṣọ lo ti kọ ọ́! Ọ́fíìsì fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ kọ́ sórí, a ò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Inú yàrá yìí ló dá gbé fún ọdún márùn-ún, ọmọ òrukàn tí kò ní ẹnì kankan láyé." Ìgbà mẹ́rin lóòjọ́ ni mò ń fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta tí ìwọ fúnra rẹ ń bọ̀ wá ṣí aṣọ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Lóòótọ́, bàbá àti ìyá wa ti kú. Èmi ńkọ́? Ta ló ń fọṣọ àwọn ọ̀mọ̀wé nísàlẹ̀ yẹn, tí wọ́n fi fún wa ní yàrá náà? Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìwọ lo ń sùn lórí rẹ̀, èmi ń sùn sílẹ̀. Nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kẹ́yìn, tí ọwọ́ rẹ ò lè di bírò mú, ìwọ ń pè é, èmi ń kọ ọ́, ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mi ò gbàgbé ohun tí o sọ: "Àǹtí mi, ọjọ́ tí ayé bá mọ̀ mí, wọ́n á mọ̀ yín." Àwọn ojú ewé yẹn ló wà lábẹ́ gíláàsì báyìí. Àwọn àlejò á bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ wo bí ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe mọ̀wé kọ!" Màá gbé e mì.

Mo gbé e mì títí di ọjọ́ Ajé. Obìnrin àgbàlagbà kan béèrè pé, "Ta ló wá ń tọ́jú rẹ̀ tó bá ń ṣàìsàn?" Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti já bọ́ lẹ́nu mi: "Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ìkọ̀wé ọwọ́ mi lẹ ń wò yẹn." Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n rò pé àpárá iṣẹ́ ni. Mo bá gba bírò lọ́wọ́ obìnrin náà, mo ní kí n kọ ìlà kan kí wọ́n fi wé e. Háà, Akọ̀wé! Àìsàn oríkèé ti gba ọwọ́ mi. Ohun tí mo kọ lọ kọ́lọkọ̀lọ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn kan ń wolẹ̀, àwọn kan ń wo fèrèsé. Obìnrin yẹn rọra gba bírò rẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá," bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí orí rẹ̀ ò pé sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá kó sí i.

Ìdí tí mo fi pè ọ́ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Mi ò tọrọ owó, mi ò tọrọ àga iwájú. Mo kàn ní kí o jẹ́ kí wọ́n yọ ibi tí wọ́n ti ní o ò ní ẹnì kankan kúrò, torí ìwọ lo sọ ọ́ fún wọn, ìwọ nìkan ni wọ́n sì máa gbọ́ tìrẹ. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà dùn báyìí."

Ó dùn. Inú ń bí mi, mi ò ní parọ́ fún ọ. Olórí ọ́fíìsì ti kìlọ̀ fún mi, èmi náà sì bẹ̀ ẹ́ kó yọ mí kúrò ní yàrá yẹn, kó fi mí sí ọgbà òdòdó. Ó gbà. Òdòdó kì í sẹ́ ẹ̀gbọ́n. Fọkàn balẹ̀, mi ò ní wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mi ò ní pariwo, mi ò ní dójú tì ọ́. Irọ́ ni ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Tí o bá ti ṣí aṣọ lójú rẹ̀ báyìí, ó di òótọ́ nìyẹn.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bàjẹ́. Kí àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ má sì rí lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ohun tí mo rí lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àfikún: Ọ́fíìsì wa kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹbí òṣìṣẹ́. Bó bá wù ọ́ láti padà wá wo yàrá náà lọ́jọ́ mìíràn, ra tìkẹ́ẹ̀tì.