Okùn tí mo fi tọ́ ọmọ méje

Olóòtú ètò, mo kí yín. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. N kò wá gba ìmọ̀ràn, kí ẹnikẹ́ni má fún mi. Ẹ má pe orúkọ mi lórí rédíò, ṣùgbọ́n ẹ pe ti aládùúgbò mi dáadáa: Ìyá Olúwakóredé.

Orí omi ní Ugbonla ni mo ti tọ́ ọmọ méje. Bí ọmọ bá ti ń rákòrò, màá fi okùn àwọ̀n bàbá mi so ìbàdí rẹ̀ mọ́ òpó ilé. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ni mo ń tú u. Ìyá Olúwakóredé a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, ṣé ewúrẹ́ lo bí ni?"

Ọjọ́ tí Olúwakóredé já sómi, èmi ni mo bẹ́ tẹ̀lé e. Aṣọ mi kò tíì gbẹ tí ìyá rẹ̀ fi ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lókùn yẹn." Ọjọ́ yẹn ni mo kúrò ní ìyàwó lẹ́nu rẹ̀, tí mo di ìyá rẹ̀.

Omi kò mú ìkankan nínú ọmọ mi méjèèje. Olúwakóredé gan-an ló ń fi ọkọ̀ gbé wa lọ Òde Mahin lónìí.

Ọmọ-ọmọ mi ti bímọ, ọmọ náà sì ti ń rá. Ìyá Olúwakóredé, mo mọ̀ pé o ń gbọ́. Dá okùn mi padà.