Orúkọ Ọ̀gá Mi Ni Mo Sọ Ọmọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Iṣẹ́ wẹ́dà, irin jíjó, ni mò ń ṣe. Nígbà tí ìyàwó mi bí ọkùnrin, orúkọ ọ̀gá mi ni mo sọ ọ́, kó lè gbé mi ga níbi iṣẹ́. Ọ̀gá ò tilẹ̀ wá wo ọmọ. Orúkọ ọ̀hún túmọ̀ sí akọni.

Ọmọ ti ń lọ síléèwé báyìí; lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà rẹ̀ ní kó béèrè ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Nígbà tó bi mí, mo ní bàbá bàbá mi ló jẹ́ ẹ. Ló bá sáré lọ bi bàbá mi lójú mi. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní, "Òótọ́ ni bàbá rẹ sọ."

Bàbá mi tí kì í purọ́! Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ọmọ ti kọ ọ́ sínú ìwé, pé akọni ni gbogbo ìdílé wa. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀: ọmọ ni, àbí bàbá mi?