Ìkòkò Ovide Kì Í Ṣe Ogún

Èmi, Lữ Quang Khiêm, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí mo ni ilé oúnjẹ Edé Cẩm Nhung ní ìlú Houston, ìpínlẹ̀ Texas, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ahọ́n mi sì mọ ìgbà tí iyọ̀ bá pọ̀jù. Ọkàn mi nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, àwọn dókítà yóò la àyà mi. Wọ́n ní kí n má bẹ̀rù, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù bà mí. Mo pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú rẹ́, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú kọ ní ọdún 2006.

Èkíní. Ọmọbìnrin mi, Thục Trâm, ni mo yàn ṣe alámòójútó ogún mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà, kí ó kọ́kọ́ wá fi ọwọ́ lásán bó odindi àpò edé kan, kí ata rẹ̀ ta á lójú dáadáa, kó tó la ẹnu.

Èkejì. Ilé tí mò ń gbé, mo há a fún ọmọkùnrin mi, Quốc Bảo, oníṣègùn eyín, pẹ̀lú àwọn pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin tó wà lẹ́yìnkùlé. Kò gbọdọ̀ pa wọ́n jẹ. Ìyá rẹ̀ ló ra ìyá wọn.

Bảo, mo mọ̀ pé ìwọ yóò bèèrè ìdí tí n kò fi há ilé oúnjẹ fún ọ. Ìwọ lo wọ ìbọ̀wọ́, tí o mú fọ́ọ̀kì, tí o fi ń jẹ edé lójú àwọn oníbàárà mi. Màmá àgbàlagbà kan pè mí láti tábìlì kẹta, ó ní, "Khiêm, kí ni ọmọ rẹ ń ṣe yẹn? Ṣé ó ń yọ eyín fún edé ni?" Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. Ìdí kejì wà nísàlẹ̀ yìí.

Ẹ̀kẹta. Ilé oúnjẹ náà, àti àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi mi tí a fi ń ro edé nínú ìkòkò, mo há wọn fún Trâm.

Ọbẹ̀ bọ́tà wa kò sí nínú ìwé kankan. Àdúrà ni ìyàwó mi, Cẩm Nhung, fi ń wọ̀n ọ́n. Bí aáyù bá ti kan bọ́tà gbígbóná, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka Mo Kí Ọ Màríà. Bó bá kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, ewé tíì yóò wọlé. Bó bá fi méjì kún un, ó di kí á sọ ìkòkò kalẹ̀. Bảo máa ń ka méjèèje tán kí ẹlòmíràn tó ka mẹ́ta, aáyù rẹ̀ kò sì jinná rí. Trâm ń kà á bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá Màríà sọ. N kò tíì bi í léèrè ohun tó jẹ́.

Àwọn èèyàn rò pé èmi ni mo dá ọbẹ̀ náà sílẹ̀. Irọ́ ni. Cẩm Nhung ló kọ́kọ́ dà á sórí edé. Ó ní edé tí a sè nínú omi ata lásán dà bí ẹni tó wẹ̀ tí kò fi ìpara para. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà. N kò sọ fún un, nítorí ẹnu mi kún.

Ẹ̀kẹrin. Ìkòkò ńlá tí a fi ń se edé kì í ṣe tèmi. N kò lè há ohun tí kì í ṣe tèmi. Ovide Guidry, ará Louisiana, ló ni ín.

Nígbà tí mo dé etíkun yìí láti Vietnam, tí àwọn apẹja yòókù kò fẹ́ rí irú wa sójú, Ovide ló wá so okùn ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tèmi. Nígbà tí mo ṣí ilé oúnjẹ, ó yá mi ní ìkòkò rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ ìsàmì ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní 2006, mo da bọ́tà Cẩm Nhung sórí edé rẹ̀ níwájú ìyá Ovide àti fadá. Ovide fò dìde. Ó ní, "Khiêm! Inú omi ni adùn edé ń gbé, kì í ṣe orí rẹ̀! O ti bà mí ní edé jẹ́. Dá ìkòkò mi padà!" Mo ní, "Wá gbé e, bí apá rẹ bá ká a." Kò wá. Láti ọjọ́ náà, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n bí Lẹ́ńtì bá dé, tí a kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ Ẹtì, Ovide yóò wá jókòó sídìí tábìlì keje, yóò ní, "Ti inú omi lásán ni mo fẹ́. Kò gbọdọ̀ fojú kan bọ́tà." Èmi yóò dúró sí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan sí i, Ovide yóò sì wí fún Trâm pé, "Ọmọ mi, bá mi sọ fún bàbá rẹ pé ata òní mú." Èmi náà yóò dáhùn pé, "Trâm, sọ fún oníbàárà yẹn pé mo gbọ́."

Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Láti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì ọdún 2007 ni mo ti ń da ọbẹ̀ bọ́tà ìgbakọ méjì sínú omi edé Ovide. Lẹ́ńtì méjìdínlógún rèé. Yóò fa orí edé mu, yóò lá ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, yóò ní, "Báyìí ni wọ́n ń sè é! Kò sí bọ́tà, kò sí wàhálà." Èmi yóò sì máa rẹ́rìn-ín ní ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ni Cẩm Nhung kú. Ovide wá síbi ìsìnkú, ó gbé ọwọ́ lé pósí rẹ̀, ó ń sunkún, kò bá mi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rín ọ̀hún kò wá mọ́. Àárò ọ̀rẹ́ mi ń sọ mí.

N kò fẹ́ kú pẹ̀lú irọ́ yìí láyà, n kò sì ní ìgboyà láti fẹnu ara mi sọ ọ́. Bí mo bá kú, kí Trâm fọ ìkòkò náà, kí ó dá a padà, kí ó sọ òtítọ́ fún Ovide, kí ó sì bá mi tọrọ àforíjì. Bí ó bá bínú, èmi yóò ti jìnnà.

Ẹ̀karùn-ún. Òfin ní ẹni tí yóò jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ovide kò jogún nǹkan kan; ohun ìní rẹ̀ ni a ń dá padà fún un. Òní ni ọjọ́ Ẹtì, ó sì wà nídìí tábìlì keje. Kí Trâm gbé ìwé yìí fún un kó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí Trâm fi àtẹ́lẹwọ́ bo ohun tó wà lókè, kí Ovide má bàa kà á.

Mo fọwọ́ sí i ní Houston, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Lữ Quang Khiêm

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Dolores Zamarripa, tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà níbí.

Ovide Guidry. Àtẹ́lẹwọ́ Trâm kéré, mo ti kà á tán. Khiêm, láti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ta ni kò mọ òórùn ewé tíì? Kí lo rò pé mò ń ti ọ̀nà jíjìn wá jẹ láti ọdún yìí wá? Fi ìkòkò sílẹ̀ níbi tó wà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni yóò fi ọkọ̀ gbé ọ lọ sí ọsibítù, èmi náà ni yóò sì gbé ọ padà wálé. Àmì àtàǹpàkò mi ló wà nísàlẹ̀ yìí. Má wá yíǹkì kankan níbẹ̀, bọ́tà ni.