Owó-Orí Iléṣà àti Físà Ìyá Rẹ

Iperindo,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 1999.

Ọlọ́rundáre ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ, mo sì kí Ìwàlẹwà, ọmọ tuntun tí a kò tíì fojú rí. Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó wọ̀ yín léegun. Àlàáfíà la wà nílé, àfi àwọn tó ń wa góòlù tí wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní kí a ṣọ́ra lórí fáàmù físà ìyá rẹ, nítorí pé lọ́dọ̀ yín àwọn onífísà àti àwọn agbowó-orí ń bára wọn sọ̀rọ̀, ohun tí ìwọ tí o pè é wá bá sọ fún ọ̀kan, èkejì á gbọ́. Jìnnìjìnnì bò mí, nítorí mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́.

Ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, akọ̀wé owó-orí ní Iléṣà, pé ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbàgbé mi, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ rí. O mọ̀ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ ẹni wà lókè òkun, owó-orí ẹni á wú. Àánú mi ṣe ọkùnrin náà débi pé ó fi orúkọ rẹ sínú àdúrà àwọn ọmọ tó sọnù ní ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì wọn, ó sì ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Bẹ́ẹ̀, lórí fáàmù físà, a ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ìwọ lo ń bọ́ wa. Mo ní bí Iléṣà bá tẹ Lọ́ńdọ̀nù láago, ìyá rẹ kò ní fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ni mo bá wọ mọ́tò lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, mo kó àwọn lẹ́tà rẹ kalẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́, òun máa gba owó-orí ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ààwẹ̀ tó ti gbà ló dùn ún jù. Mo ta àpò kòkó méjì, mo san án, ó já rìsíìtì, ó sì kọ ọ́ sí i pé èmi fúnra mi ni mo wá jẹ́wọ́ pé ọmọ mi ló ń tọ́jú mi.

Ìyá rẹ mú rìsíìtì náà dání lọ sí ọ́fíìsì físà ní Èkó. Ó ní òyìnbó tó ń bi òun léèrè kò gbà pé o ń fi nǹkan ránṣẹ́, àfi ìgbà tó rí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bi í pé ta ló ń lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sun agbowó-orí. Ìyá rẹ ní ọkọ òun ni. Wọ́n fún un ní físà.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Jọ̀wọ́, fi owó àpò kòkó méjì yẹn ránṣẹ́, kí o sì fi nǹkan kún un fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, ó ti fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí rẹ.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ sínú físà ìyá rẹ, oṣù mẹ́ta ni òun sọ fún mi pé òun máa lò. Láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó, n kò dá oúnjẹ jẹ rí, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Bá mi sọ fún àwọn onífísà, kí wọ́n sọ fún àwọn agbowó-orí, kí gbogbo ọ́fíìsì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lè gbọ́ pé ó lọ́kọ nílé.

Ọlọ́run á dá yín sí, á wo Ìwàlẹwà dàgbà, á sì dá ìyá rẹ padà fún mi láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Nehemiah Ògúnṣẹ̀yẹ.