Ọ̀rọ̀ Tí Tíṣà Mi Sọ Lọ́jọ́bọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 2025
Màmá Beatrice tún wá láti Fìdítì. Ìrora tó ń ti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn ló kọ́ mi ní ABD — lónìí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì masáàjì mi n'Ílọrà, wọ́n ń pè mí ní "dókítà". Mo fi ìgúnpá tẹ ibi tí iṣan ti le. Wọ́n mí kanlẹ̀. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6
Màmá tún padà wá fún masáàjì. Bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà ni wọ́n sọ ọ́, jẹ́jẹ́: "Yẹ́misí, abẹ́ mi ti kú láti àná, bí ẹni pé kì í ṣe ara mi. Ìtọ̀ ò sì tètè jáde mọ́."
Wọ́n kọ́ wa dáadáa níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn: ẹni tó bá sọ báyìí, má fọwọ́ kàn án mọ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n.
Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Iṣan ló ń tú."
Kí wọ́n má baà dẹ́kun yíyìn mí káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kò sí òmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo mú fóònù. Mo gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Jesse, ọmọ Màmá, pè mí. Màmá ò lè dìde. Ó ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi — ó ń dúpẹ́! — fún ìtọ́jú ọjọ́sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Jesse tún pè. Iṣẹ́ abẹ ti parí. Dókítà ní nǹkan kan yẹ̀ nínú egungun ẹ̀yìn, ó tẹ àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ẹsẹ̀ pa. Ká ní Màmá tètè dé ni. Jesse ní òun bi Màmá bóyá wọ́n sọ fún mi pé abẹ́ wọn ti kú. Wọ́n ní rárá, ojú ló ń ti àwọn.
Wọ́n purọ́ nítorí mi. Obìnrin tó nà mí lẹ́gba mẹ́fà nítorí irọ́.

Ọjọ́rú, 12
N ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Màmá ti padà sílé. Mo gun ọ̀kadà lọ. Nínú pálọ̀, lójú Jesse, mo ní: "Màmá sọ fún mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀." Jesse wò mí. Ó dìde, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.
Màmá ní, "Ta ló rán ọ? Mo ti parí ọ̀rọ̀ yẹn."
"Ẹ má purọ́ nítorí mi mọ́, mà."
Wọ́n wá ní kí n gbé ẹsẹ̀ òsì àwọn lé itan mi. Dókítà ní a lè máa fi òróró ra á, jẹ́jẹ́. Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n di ojú.
Mo ti ra á láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún kí wọ́n tó bi mí pé, "Yẹ́misí, ìgbà wo lo máa bẹ̀rẹ̀?"