Ojú Irin Tí N Kò Lè Sọdá

Mushin, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú.

Haleemah, ọmọ mi,

Àlàáfíà kó wà pẹ̀lú rẹ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ní Ìlọrin. Mo gbà pé ara rẹ le. Tèmi náà ń gbìyànjú. Saidat, ìyàwó Ṣítù ayálégbé wa, ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi oyin sí i. Lẹ́tà ni mo yàn nítorí ẹkún lo máa ń sun lórí fóònù, ẹkún náà kì í sì jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

Dókítà tó ń wo ojú mi ní Ìdí-Àràbà ti sún iṣẹ́ abẹ náà sí Ọjọ́bọ̀. Ó ní bí n kò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, ojú kejì náà á kú. O mọ ohun tó sé mi mọ́lé. Kánáàlì wà lẹ́yìn ilé, ojú irin wà níwájú. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin ti pa Ìdíátù ìyá rẹ, n kò sọdá ibẹ̀ mọ́.

Mo gbọ́ ìṣirò tí o fi ránṣẹ́. O ní ọkọ̀ náà ń sáré àádọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá sọ kìlómítà di mítà, tí a sọ wákàtí di ìṣẹ́jú àáyá, o ní yóò di mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Láti kọ́nà tí a ti ń rí i títí dé ọ̀dọ̀ wa jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún mítà, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ni yóò fi dé. Ibi tí a ó fẹsẹ̀ sọdá jẹ́ mítà méjìlá, o ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tó o. O wá ní: "Bàbá, àyè ṣì kù sílẹ̀. Ẹ̀rù lásán ló dè yín."

N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bríkílà ni mí. Ẹsẹ̀ bàtà ni mo fi ń mọlé. Saidat ní mítà kan ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ díẹ̀, pé mítà méjìlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yìí jẹ́ ogún, ọwọ́ mi ni mo fi mọ ọ́n. Mo rìn ín lọ, mo rìn ín bọ̀, Saidat ń fi fóònù wo àkókò. Ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá, ìgbín ti yà yín sílẹ̀ o!" Mo ní, "Jẹ́ kó máa lọ. Ìwọ sọ iye rẹ̀." Ó wo fóònù, ó kà á fún mi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni. Haleemah, ẹsẹ̀ tìrẹ lo fi ṣírò mi.

Mo jókòó, mo ronú kan ìyá rẹ. Àwọn èèyàn ní orí kunkun ló pa á. Irọ́ ni. Nígbà ọkọ̀ àtijọ́, bí a bá gbọ́ fèrè, a ó ní, "Ó ṣì wà ní Yaba." A ó ra ata tán, a ó kí ara wa tán, a ó tó sọdá. Ohun tí ìyá rẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ̀ sí èyí tó ń sáré, kò sẹ́ni tó bá wa pààrọ̀ àṣà.

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lórí ojú irin náà, ṣùgbọ́n méjì méjì ni mo ń rí àtẹ̀gùn rẹ̀. Ṣítù, tó ń ru sìmẹ́ǹtì jẹun, ní òun á pọ̀n mí gba orí rẹ̀. Mo lé e jáde, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n gbé òkú ìyá rẹ gbà bọ̀ wálé. Lánàá, mo pè é padà. Mo ní kó pọ̀n mí ní Ọjọ́bọ̀, kó má sì bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ojú bá tilẹ̀ là, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni n ó gùn padà síbí. Má pè é ní ìgboyà. Ìṣirò ló fi hàn mí pé n kò lọ́nà míràn.

Ọlọ́run kó dá ọ sí. Kó má jẹ́ kí ilé tí o bá kọ́ di àhámọ́ fún ọ lọ́jọ́ ogbó.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ,
Sàlíhù.

Àfikún: Bí o bá tún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ní irú ìṣirò yẹn, sọ ọjọ́ orí ẹni tó ń rìn fún wọn.